Yíya Eérú Kúrò Lára Eérú: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Fọ́tò Dúdú-àti-Funfun Igi Tí Omi Gbé Wá

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ayafọ́tò, ẹ̀yin tí lẹ́ńsì yín gùn bí apá, àti ẹ̀yin tó jẹ́ pé fóònù ọwọ́ yín ni gbogbo irinṣẹ́ yín. Mo kí yín lọ́kùnrin, mo kí yín lóbìnrin. Ẹ̀yin tí ẹ ṣètò àpéjọ yìí náà, ẹ kú iṣẹ́.

Àwọn àgbà ní bó ti wù kí igi pẹ́ lódò tó, kò lè di ọ̀nì. Òwe yẹn ni mo fẹ́ fi ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀ òní, nítorí ọ̀nì gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá lára igi tí omi gbé wá sétí òkun. Wọ́n á rí ẹ̀ka kan tó tẹ̀ bí ọrùn ẹṣin, wọ́n á ní ẹṣin rèé. Wọ́n á rí kókó kan, wọ́n á ní ojú ẹja ni. Wọ́n á yà á, wọ́n á délé, wọ́n á sọ ọ́ di dúdú-àti-funfun, ẹṣin á sì ti sá lọ. Kí ló fà á? Orí wọn ló rí ẹṣin. Kámẹ́rà ò mọ ẹṣin, kò mọ ẹja. Ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn nìkan ló mọ̀.

Ohun tí mo gbé wá síbí lónìí kò ju ẹyọ kan lọ, bí mo tilẹ̀ máa yí i padà lónírúurú. Òun nìyí: igi yìí ti jẹ́ aláwọ̀ eérú kí ẹ tó gbé kámẹ́rà. Òdòdó ní àwọ̀ tí ẹ lè yọ kúrò, aṣọ ní àwọ̀ tí ẹ lè yọ kúrò. Igi yìí, oòrùn ti bá yín yọ tirẹ̀ tán. Iṣẹ́ tó kù fún yín ni kí ẹ ya eérú kúrò lára eérú, kí èyí tó mọ́lẹ̀ dá yàtọ̀ sí èyí tó ṣú, kí èyí tó wà níwájú dá yàtọ̀ sí èyí tó wà lẹ́yìn. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iṣẹ́ yẹn, etí omi la ti ń ṣe é. Ìdá kan tó kù ló wà fún kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ igi náà

Nǹkan mẹ́ta ló sọ igi yìí di ohun tó dà, ẹ sì ní láti mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí àwọn gan-an ni ẹ ń yà.

Oòrùn ni àkọ́kọ́. Èròjà kan wà nínú igi tí wọ́n ń pè ní lignin. Ó dà bí àtè tó so fọ́nrán igi pọ̀, ó sì wà lára ohun tó ń fún igi ní àwọ̀ rúsúrúsú rẹ̀. Ìtànṣán oòrùn tí ojú ò lè rí, èyí tí wọ́n ń pè ní ultraviolet, a máa fọ́ lignin yìí, òjò a sì fọ̀ ọ́ lọ. Èyí tó kù lójú igi ni cellulose, fọ́nrán tó funfun nini. Ìdí nìyẹn tó fi ń dán bí fàdákà. Àmọ́ ojú lásán ni o! Ẹ fi ọ̀bẹ ha á, kò ní pẹ́ tí ẹ óò fi bá pupa nísàlẹ̀. Nítorí náà, ibi tí igi ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní àwọ̀, ibi tó ti pẹ́ nínú oòrùn kò ní. Ẹ fi ìyẹn sápò, a óò yọ ọ́ lò tí a bá dé ìdí kọ̀ǹpútà.

Ìgbì àti iyanrìn ni èkejì. Nígbà tí igi bá ń yára dàgbà, fọ́nrán rẹ̀ a máa rọ̀. Nígbà tó bá ń falẹ̀, fọ́nrán rẹ̀ a máa le. Iyanrìn a jẹ èyí tó rọ̀, a fi èyí tó le sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ojú igi ṣe ń di ebè àti poro, bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Poro yẹn lè má jìn ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo ẹwà igi náà.

Ẹ̀kẹta ni ohun tó ń lu igi níhò nínú omi iyọ̀. Teredo ni orúkọ rẹ̀. Àwọn atukọ̀ a máa pè é ní kòkòrò, àmọ́ kì í ṣe kòkòrò rárá, ìbátan ìgbín ni. Á lu ihò roboto, á sì fi nǹkan funfun bí ẹfun rẹ́ ògiri ihò náà. Nínú fọ́tò, àárín ihò yẹn á dúdú kirikiri, etí rẹ̀ á funfun. Kò síbi tí dúdú àti funfun ti súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ lára igi, ojú ẹni tó ń wo fọ́tò á sì kọ́kọ́ sáré lọ síbẹ̀. Bí ihò mẹ́ta bá wá bọ́ sí igun fọ́tò, ojú á gba igun yẹn jáde lọ ni. Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì.

Ìmọ́lẹ̀: níbi tí iṣẹ́ wà gan-an

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí èèyàn bá dúró lórí òkè lọ́sàn-án gangan tó ń wo oko kan nísàlẹ̀, ṣé ó lè tètè mọ ebè yàtọ̀ sí poro? Ó ṣòro. Orí ebè mọ́lẹ̀, inú poro náà mọ́lẹ̀. Àmọ́ kí oòrùn rẹlẹ̀, ebè kọ̀ọ̀kan á ju òjìji sínú poro ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Oko kan náà ni, ìmọ́lẹ̀ ló yí ipò padà.

Bákan náà ló rí lójú igi. Ẹ ní láti gba ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kó rẹlẹ̀, kó máa ra ojú igi kọjá. Kí ni ìwọ̀n ìrẹlẹ̀ yẹn? Ẹ na apá yín tààrà síwájú, kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ kan tó nìwọ̀n digirí mẹ́wàá lójú ọ̀run. Bí oòrùn bá wà ní ẹ̀ṣẹ́ kan sí méjì sókè ibi tí ọ̀run ti pàdé ilẹ̀, àkókò yín nìyẹn. Kò sì gùn o. Digirí 15 ni oòrùn ń rìn ní wákàtí kan. Nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, níbi tí oòrùn ti ń gòkè bí ẹni gun àkàbà, ogójì ìṣẹ́jú péré ló fi ń ti ẹ̀ṣẹ́ kan dé èkejì. Ẹni tó bá dé etíkun nígbà tí oòrùn ti yọ tán, tó wá ń wá igi tó máa yà, kí ó tó rí igi, àkókò ti lọ. Ọjọ́ tó ṣáájú la ti ń wá igi.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sábà sọ. Kò tó kí oòrùn rẹlẹ̀ o. Ó gbọ́dọ̀ dábùú poro. Bí poro bá lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, tí oòrùn náà sì ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, ńṣe ni ìmọ́lẹ̀ á ṣàn gba inú poro bí omi inú gọ́tà. Òjìji kankan ò ní sí. Ẹ óò máa wò ó pé oòrùn rẹlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ dára, kí ló dé tí igi yìí fi rí pẹlẹbẹ? Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má bá a jà. Ẹ lọ sí igi mìíràn, tàbí kí ẹ wá gbòǹgbò igi yẹn kan náà tó dojú kọ ibòmíràn.

Tí ìkùukùu bá wá bo ojú ọ̀run ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ á máa ti gbogbo ọ̀nà bọ̀, ebè àti poro á dọ́gba. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ká fi iná kún un. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Dípò kí ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ẹ yọ ìmọ́lẹ̀ kúrò: ẹ mú káàdì dúdú tó fẹ̀ tó ìwé A2, tàbí agboòrùn dúdú, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan igi náà, ní nǹkan bí sẹ̀ńtímítà 20 sí 30, níbi tí kámẹ́rà ò ti ní rí i. Ẹ̀gbẹ́ yẹn á ṣú, ẹ̀gbẹ́ kejì á máa mọ́lẹ̀, igi náà á sì yọ ikùn. Káàdì funfun ni ti ọjọ́ tí oòrùn bá le jù, tí òjìji di dúdú bí èédú: ẹ gbé e sí apá òjìji, ní ìwọ̀n ààbọ̀ mítà. Bí ó bá súnmọ́ jù, á pa òjìji tí ẹ tìtorí rẹ̀ jí wá.

Tọ́ọ̀ṣì náà dára nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Kámẹ́rà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta (tripod), ihò lẹ́ńsì ní f/8 (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń pọ̀ ni ihò ń kéré), ISO 100 (agbára tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀), kí ojú rẹ̀ ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20. Ẹ di tọ́ọ̀ṣì mú nísàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ra ojú igi, kí ẹ sì máa gbé e rìn díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ọwọ́ yín bá dúró sí ló máa jóná funfun.

Omi ńkọ́? Àbí ẹ ò ṣàkíyèsí pé igi kan náà tó dà bí fàdákà ní gbígbẹ, tí ìgbì bá fọwọ́ kàn án, á di dúdú? Omi ló dí àwọn ihò tíntìntín ojú igi, tí ìmọ́lẹ̀ tó ń fọ́n káàkiri tẹ́lẹ̀ wá ń wọnú igi lọ. Igi tó bá tutù lápá kan tó sì gbẹ lápá kejì, ẹ má wulẹ̀ kọjá rẹ̀, omi ti bá yín ya eérú kúrò lára eérú. Ẹ lè fi ìgò tí ń tú omi fín-ín-fín-ín rin apá tí ẹ fẹ́ kó ṣú. Omi tí kò ní iyọ̀ ni kí ẹ lò o, nítorí omi iyọ̀ tó bá gbẹ a máa fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀.

Ojú omi á máa tan yinrin. Fílítà tí wọ́n ń pè ní polarizer ló ń gé títàn yẹn kù, pàápàá tí lẹ́ńsì bá ń wo ojú igi láti nǹkan bí digirí 35. Á gba ìmọ́lẹ̀ tó sítọ́ọ̀pù kan sí méjì lọ́wọ́ yín (sítọ́ọ̀pù kan ni kí ìmọ́lẹ̀ di ìdajì tàbí ìlọ́po méjì). Tí ẹ bá sì yí i dé ìdí, igi tútù á dà bí ọ̀dà tí ò dán. Títàn díẹ̀ ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé igi rí roboto. Ẹ yí i dé ìdajì, kí ẹ wò ó, kí ẹ dúró níbẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà

Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn igi náà ju igi lọ.

Ká ní ẹnì kan rí igi fàdákà kan lórí iyanrìn tó pọ́n díẹ̀. Lójú rẹ̀, igi àti iyanrìn yàtọ̀ pátápátá, torí ọ̀kan pọ́n, ọ̀kan ò pọ́n. Ó yà á. Nígbà tó sọ ọ́ di dúdú-àti-funfun, igi wọlẹ̀ sínú iyanrìn, kò rí i mọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọ̀ ló yà wọ́n lójú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wọn dọ́gba. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, ó sì rọrùn láti yẹra fún. Ẹ di ojú dé ìdajì, títí gbogbo nǹkan á fi di bàìbàì. Bí igi bá pòórá, fọ́tò náà á pòórá. Tàbí kí ẹ ṣètò kámẹ́rà pé kó máa fi dúdú-àti-funfun hàn yín lójú rẹ̀, àmọ́ kó máa fi RAW pamọ́, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe. Àwọ̀ ṣì wà nínú RAW, ẹ ò pàdánù nǹkan kan.

Kí la wá lè ṣe sí i? Ẹ má gbé igi kúrò, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò. Ẹ lọ sílẹ̀ títí igi á fi bọ́ síwájú àpáta tó ṣú tàbí ọ̀run tó ṣú. Tàbí kí ẹ dúró de ìgbì. Iyanrìn tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ a máa ṣú fún ìgbà díẹ̀, igi tó gbẹ lókè á wá hàn ketekete lórí rẹ̀. Ẹ múra sílẹ̀, kí omi máa padà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́.

Níbi tí a ti dárúkọ ìgbì, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìtì igi tó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, omi tó mu èèyàn dé orúnkún lè yí i bí ẹni yí páànù. Ẹ má jókòó lé ìtì tí omi ń dé ìdí rẹ̀, ẹ má dúró sáàárín òun àti ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ wo àkókò tí omi máa kún kí ẹ tó jáde nílé. Fọ́tò ò tó ìyẹn.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù: ẹ gba ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo wọlé, torí ipasẹ̀ yín lórí iyanrìn kò ṣe é nù. Ẹ wo àlàfo ìmọ́lẹ̀ tó há sáàárín ẹ̀ka. Tí ọ̀kan bá funfun ju igi lọ, òun lojú á máa wò. Ẹ̀ka tó bá na orí tààrà sí lẹ́ńsì á di kókó lásán, ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí gígùn rẹ̀ lè hàn.

Kámẹ́rà àti ohun tó máa ń dàrú

Ẹ ya á ní RAW. Mo tún un sọ: ẹ ya á ní RAW. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo fóònù, ọ̀pọ̀ fóònù òde òní lè ṣe é. Ẹ wo ìdí rẹ̀. JPEG, fáìlì tí kámẹ́rà ti tún ṣe tó sì ti fún pọ̀, ní ìpele eérú 256 péré láti dúdú dé funfun. RAW oní-12-bit ní 4,096, oní-14-bit ní 16,384. Igi tí a ń wí yìí lè má gbà ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìpele yẹn lọ, torí eérú rẹ̀ súnmọ́ra. Nínú JPEG, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ìpele 64. Tí ẹ bá wá nà án kó lè kún fọ́tò, á ya sí àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn, ẹ óò rí ìlà níbi tó yẹ kó máa ṣàn.

Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀: kámẹ́rà gbà pé gbogbo ohun tó ń wò, eérú àárín ni. Ẹ gbé e síwájú iyanrìn funfun, á sọ iyanrìn di eérú, igi á sì ṣú ju bó ti yẹ lọ. Ẹ fi sítọ́ọ̀pù kan kún un. Bí kámẹ́rà yín bá lè wọn ibi kan ṣoṣo, ẹ wọn apá igi tí oòrùn ń bà, kí ẹ fi sítọ́ọ̀pù kan sí kan-àti-díẹ̀ kún ohun tó bá sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wo histogram, àwòrán tó ń fi hàn bí ìmọ́lẹ̀ fọ́tò ṣe pín láti dúdú lósì dé funfun lọ́tún: kó súnmọ́ ògiri ọ̀tún, kó má fara kàn án. Ebè fàdákà tó bá ti jóná di funfun, kò sí kọ̀ǹpútà tó máa dá poro rẹ̀ padà.

Nísinsìnyí, ihò lẹ́ńsì. Àwọn kan ti kà nípa Ẹgbẹ́ f/64, ẹgbẹ́ àwọn ayafọ́tò tí Edward Weston, Ansel Adams, Imogen Cunningham àtàwọn mìíràn dá sílẹ̀ ní San Francisco ní 1932. Weston ya gbòǹgbò igi sípírẹ́ẹ̀sì etíkun Kalifóníà lọ́nà tí ẹni tó bá fẹ́ràn igi gbọ́dọ̀ wá wò. Orúkọ ẹgbẹ́ wọn wá láti ara ihò lẹ́ńsì tó kéré gan-an, tí iwájú àti ẹ̀yìn fi ń hàn kedere. Ẹni tó kà á á sáré lọ fi kámẹ́rà rẹ̀ sí f/22, fọ́tò rẹ̀ á wá rọ̀ bí òwú. Kí ló dé? Fíìmù tí Weston ń lò tóbi tó ínṣì 8 sí 10, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n kan náà, kò sọ ọ́ di ńlá. Fíìmù tàbí sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà òde òní) kékeré tí a máa sọ di ńlá, bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ihò tóóró kọjá, á fọ́nká, ohun gbogbo á sì rọ̀. Ẹ dúró sí f/8 sí f/11 lórí sẹ́ńsọ̀ tó tóbi tó fíìmù àtijọ́ oní-mìlímítà 35, kí ẹ má sì kọjá f/16. Èyí tó bá kéré sí i, f/5.6 sí f/8 tó o.

Àmọ́ tí ẹ bá súnmọ́ igi, f/8 kò ní mú iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀. Lẹ́ńsì mìlímítà 100, ní sẹ̀ńtímítà 40 sí igi, lórí f/8, ibi tó máa mọ́ gaara kò tó sẹ̀ńtímítà kan. Ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tó rọrùn: ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn kámẹ́rà dọ́gba pẹ̀lú ojú pákó igi náà, bí ìwé méjì tí a tò léra. Èyí tó le: ẹ ya fọ́tò púpọ̀, kí ẹ máa sún ibi tó mọ́ síwájú díẹ̀díẹ̀, kí kọ̀ǹpútà wá so wọ́n pọ̀. Gbòǹgbò tí ìjìnlẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 6 á gbà tó fọ́tò 15. Ẹ fọwọ́ ṣètò ohun gbogbo: ìmọ́lẹ̀, àwọ̀, àti ibi tí lẹ́ńsì mú (focus). Bí oòrùn bá wọnú ìkùukùu ní fọ́tò kẹjọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta a máa rì sínú iyanrìn, pàápàá iyanrìn tútù tí omi ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó rì dé ibi tó máa rì dé kí ẹ tó so kámẹ́rà mọ́ ọn, kí ẹ sì fi aago ìṣẹ́jú àáyá méjì tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ ẹsẹ̀ mẹ́ta náà, kí ẹ fi aṣọ tí omi díẹ̀ wà lára rẹ̀ nu kámẹ́rà. Iyọ̀ kì í dúró dọ̀la.

A dé ìdí kọ̀ǹpútà

Lightroom, Capture One, Darktable tó jẹ́ ọ̀fẹ́, èyí tó bá wù yín nínú àwọn ètò tí ń tún fọ́tò ṣe. Ohun tó wà nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra.

Ẹ má kọ́kọ́ yọ àwọ̀. Ẹ wò ó ní aláwọ̀ ná, kí ẹ tún ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ṣe, kí ẹ nu àmì eruku orí sẹ́ńsọ̀ kúrò nínú fọ́tò, èyí tí ọ̀run eérú kì í bò mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá wá fẹ́ yọ ọ́, ẹ má fa Saturation, ọ̀pá tí ń dín gbogbo àwọ̀ kù, wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìyẹn á da gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀kọ. Ẹ lo ibi tí ọ̀pá fífà wà fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan: pupa, ọsàn, òféfèé, ewéko, búlúù.

Ẹni tó bá fa àwọn ọ̀pá yẹn á sọ pé wọn ò ṣiṣẹ́. Ó fa pupa sókè, igi ò mira. Ó fa òféfèé wálẹ̀, igi ò mira. Ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sápò: igi yìí kò ní àwọ̀! Ọ̀pá tó ń fa àwọ̀ kò lè rí nǹkan mú lára eérú. Ibo wá ni àwọ̀ wà? Ó wà lára iyanrìn, tó pọ́n. Ó wà nínú òjìji, nítorí ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, ìmọ́lẹ̀ ọ̀run búlúù ló ń wọnú òjìji. Ó wà lára ewé omi tó lẹ̀ mọ́ igi. Ó wà níbi tí igi ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, àti níbi tí ìṣó ti dógùn-ún sára rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ṣeé ṣe. Ẹ fa ọsàn àti òféfèé wálẹ̀ ní 15 sí 30: iyanrìn á ṣú, igi á dúró níbi tó wà. Ẹni tí igi rẹ̀ pòórá sínú iyanrìn lẹ́ẹ̀kan, igi rẹ̀ ti jáde. Ẹ fa búlúù wálẹ̀ ní 20 sí 35: inú poro á jìn sí i, orí ebè ò ní mira. Èyí gan-an ni mo kà sí ọkàn iṣẹ́ yìí, torí òjìji tí ẹ jìn lọ́nà báyìí mọ́ ju èyí tí ẹ fi Contrast, ọ̀pá tí ń fẹ ìyàtọ̀ dúdú àti funfun lójú, jìn lọ. Àmọ́ ó ní ààlà. Tí ẹ bá kọjá 50, ojú ọ̀run á bẹ̀rẹ̀ sí í rí wínníwínní bí ẹni da iyanrìn sí i, ìlà funfun tóóró á sì yọ létí igi níbi tó ti pàdé ọ̀run. Tí ẹ bá rí ìlà yẹn, ẹ padà sẹ́yìn.

Ọ̀pá Temp, tí ń fa àwọ̀ fọ́tò sí òféfèé tàbí sí búlúù, náà ń ṣiṣẹ́ nínú fọ́tò dúdú-àti-funfun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ kì í fọwọ́ kàn án. Tí ẹ bá fà á sí apá òtútù, òjìji á túbọ̀ di búlúù, ọ̀pá búlúù á sì rí nǹkan mú. Ẹ gbìyànjú rẹ̀, kí ẹ máa wo poro.

Lẹ́yìn ìyẹn ni curve, ìlà tí ẹ fi ń yí ìmọ́lẹ̀ padà láti dúdú dé funfun. Àwọn tó ń kọ́ni a máa ní kí ẹ fà á kó rí bí S. Èmi ò fara mọ́ ọn fún igi yìí. S ń na àárín, ó ń tẹ òkè àti ìsàlẹ̀ mọ́ra. Igi tí oòrùn ń bà kì í sí ní àárín, òkè díẹ̀ ló máa ń wà, níbi tí S ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ẹ fi irinṣẹ́ tí ń tọ́ka sí fọ́tò wá ibi tí ebè wà lórí curve, kí ẹ fi àmì kan síbẹ̀. Ẹ wá ibi tí poro wà, kí ẹ fi àmì kejì síbẹ̀. Ẹ gbé ti ebè sókè díẹ̀, ẹ fa ti poro wálẹ̀ díẹ̀. Àárín àmì méjèèjì á ga bí òkè, eérú á sì ya kúrò lára eérú. Dúdú tó wà ní ìdí ìlà náà àti funfun tó wà lórí rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ibi tí òwe yẹn ti wúlò jù ni títan ìmọ́lẹ̀ sí ibì kan àti ṣíṣú ibì kan, tí àwọn ayafọ́tò ń pè ní dodge àti burn. Nínú ètò tó bá ní layer, ìyẹn ìpele tó ń bo fọ́tò lórí, ẹ ṣí layer tuntun, kí ẹ fi eérú àárín kún un, kí ẹ yí bó ṣe ń pò mọ́ fọ́tò sí Soft Light. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ létí, agbára rẹ̀ kó má ju 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ máa fi funfun kun orí ebè tó ti mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi dúdú kun inú poro tó ti ṣú tẹ́lẹ̀. Ẹ máa tẹ̀ lé ìlà igi. Ẹ má tan ìmọ́lẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ò ti wá láti ipilẹ̀. Ẹni tó ń wò ó lè má mọ ohun tó ṣe é, àmọ́ ara rẹ̀ á sọ fún un pé irọ́ wà níbẹ̀. Ìkọlù búrọ́ọ̀ṣì kan kò gbọ́dọ̀ hàn. Ogún ló gbọ́dọ̀ hàn.

Texture àti Clarity: mo mọ̀ pé ọwọ́ ń yún yín. Igi ló kún fún ìlà, ọ̀pá ló sì ń mú ìlà yọ, kí ló dé tí a ò ní fà á dé òpin? Ìdí ni pé ó ń mú ti iyanrìn náà yọ. Igi á máa pariwo, iyanrìn á máa pariwo, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi mask yan igi nìkan, kí ẹ fi Texture sí nǹkan bí 20, Clarity sí 10 tàbí 15. Iyanrìn, ẹ lè fà á wálẹ̀ ní 10 kó rọ̀. Sharpening, mímú kí etí ìlà mọ́ gaara, ló máa kẹ́yìn, rédíọ́ọ̀sì 0.8 sí 1.0, ẹ sì fi Masking rẹ̀ yọ ọ̀run kúrò.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tó? Ẹ sọ fọ́tò náà di kékeré bí sítáǹbù. Bí igi bá ṣì yọ, ẹ ti ya eérú kúrò lára eérú. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i padà kí ọ̀tún di òsì. Ojú yín tó ti mọ́ ọn lára á jí, ibi tí ẹ ti kùn jù á sì fò yọ.

Títẹ̀ ẹ́ sórí ìwé

Èyí ò ní gùn. Fọ́tò A3 ní pixel (àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di fọ́tò) 300 fún ínṣì kan nílò pixel 3,508 sí 4,961, kámẹ́rà oní-mẹ́gápíksẹ̀lì 24 sì ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìwé tí ẹ tẹ̀ bá máa ń ṣú ju ohun tí ẹ rí lórí kọ̀ǹpútà lọ, ojú kọ̀ǹpútà yín ló ń tàn jù. Ẹ dín in kù sí nǹkan bí 80 sí 120 candela (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń tàn tó) fún mítà onígun mẹ́rin kan, kí ẹ tó dá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lẹ́bi.

Ìwé tí kì í dán ò lè dúdú tó ìwé tó ń dán. Ó bá igi gbígbẹ mu, mo fẹ́ràn rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n inú poro máa dí síra wọn tí ẹ ò bá fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kún òjìji kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ìwé tó ń dán ni kí ẹ lò fún igi tútù. Ẹ kọ́kọ́ tẹ apá kékeré kan, ibi tí ebè tó mọ́lẹ̀ jù àti poro tó ṣú jù ti pàdé, ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ gan-an. Bí iyanrìn funfun bá dé etí fọ́tò, ẹ ṣú etí yẹn díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á yọ́ mọ́ funfun ìwé, kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tí fọ́tò parí sí. Kí ẹ sì fi ìwé náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó pinnu lórí rẹ̀, torí yíǹkì tí kò tíì gbẹ lè yí díẹ̀ tó bá gbẹ tán.

Mo rí i pé ọwọ́ ti wà lókè níwájú níbẹ̀. Ẹ gbé gbohùngbohùn fún wọn, kí a gba ìbéèrè.